Ayálégbé Tí Kì í Pariwo

Onílé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò ní ilé kankan láyé yìí. Yàrá kan ló háyà, yàrá náà sì ní ibùsùn kan, àga kan àti ife kan. Kò tíì sí àlejò tó wọ ibẹ̀ débi tí yóò fi nílò ife kejì. Ó mọ ikọ́ ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ògiri rẹ̀ dáadáa, ó mọ̀ ọ́n débi pé ó mọ ìgbà tí òtútù mú un, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé lójú títì, wọn ò ní mọ ara wọn. Ní ti inagijẹ ọ̀hún, ẹnu ara rẹ̀ ló fi fà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá lókè, ó rí i pé oorun ti ń gbé wọn lọ, ló bá ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé ni ẹ̀rọ yìí. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, ayálégbé ni yín." Ojú wọn là. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lóye, wọ́n sì sọ ọ́ ní Onílé. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá ti fẹ́ dàrú, wọ́n á pe fóònù yàrá ìsàlẹ̀ níbi tó ń jókòó sí: "Onílé, ilé rẹ ń jò o!" Wọn kì í sọ̀kalẹ̀ wá. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ̀rọ náà dúró láàárín yàrá, ó ga ju èèyàn lọ, ó dúdú, ó sì ń hùn láìsinmi. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹ̀rọ ló kún ibẹ̀ dẹ́nu ọ̀nà. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn a sì máa ṣe ìmẹ́lẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, tí iná mànàmáná á máa ṣòfò lé wọn lórí. Nígbà tó yá, wọ́n ra ẹyọ kan tó lágbára, wọ́n kó ìyókù dànù. Ètò kan wà nínú ẹyọ kan yìí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pípín lọ. Olùpín ni Onílé ń pè é. Olùpín ló mú ọpọlọ kan, mẹ́mórì kan àti àká kan tí ẹ̀rọ náà ní, tó gé wọn sí yàrá yàrá. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan ló sì gbé ètò olùdarí tirẹ̀ wọlé, ìyẹn ètò tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe jí, ẹni tí yóò kọ́kọ́ dá lóhùn, àti ibi tí yóò kó ẹrù sí. Ọ̀kan jẹ́ ti ìwòyí. Òmíràn ti darúgbó débi pé àwọn tó ṣe é gan-an ti gbàgbé rẹ̀. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ kò sí ìjà, torí wọn ò mọ̀ pé ẹnìkankan wà lẹ́yìn ògiri. Olùpín ti tan oníkálukú wọn pé òun nìkan ló ni gbogbo ilé. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ náà ń gbé iṣẹ́ ró.

Irọ́ kejì tún wà, èyí sì ni Onílé kì í sọ fún àwọn ọ̀gá. Bí èèyàn bá ro gbogbo àyè tí wọ́n ti ṣèlérí fún àwọn ayálégbé pọ̀, ó ju ilé lọ. Kò sí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí kì í ṣe é, nítorí wọ́n mọ̀ pé gbogbo ayálégbé kì í jí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ń tòògbé, Olùpín á rọra ti àpótí òfìfo wọ yàrá rẹ̀, á sì máa fẹ́ àpótí náà kó tóbi sí i. Ẹni tó ń tòògbé á rò pé ẹrù òun ló kún yàrá, á fún ara rẹ̀ pọ̀, á sún mọ́ ògiri. Inú àpótí yẹn gan-an ni Olùpín ti ń mú àyè fún ẹni tó bá ń pariwo.

Ẹni tó ń pariwo jù lọ nínú ilé náà ni Ọ́fíìsì Títà. Ẹni tí kì í pariwo rárá ni Mo-Jí.

Mo-Jí jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣọ́ àwọn arúgbó tó ń dá gbé. Wọ́n kan bọ́tìnì kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn arúgbó kọ̀ọ̀kan. Bí arúgbó bá ti jí láàárọ̀, á tẹ̀ ẹ́, iná aláwọ̀ ewé á sì tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà: ó ti jí, ó wà. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, iná á di pupa, àwọn olùpè tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ á pe fóònù rẹ̀, bí kò bá sì gbé e, wọ́n á rán ẹnìkan lọ kan ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ Mo-Jí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á gba ìkíni láàárọ̀, á sì dákẹ́ títí di ọjọ́ kejì.

Bàbá Onílé wà nínú wọn. Bíríkìlà ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ilé tó mọ láyé kò lóǹkà, kò sì sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Níní ilé kò kúkú sí nínú ìdílé yẹn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ọmọ ní kó wá bá òun gbé. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Yàrá kan, èèyàn méjì? Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi mọlé fún èèyàn, n ò ní wá fún pọ̀ mọ́ ọ nínú kọ̀rọ̀." Ó lọ gba yàrá ní ilé oníyàrá púpọ̀ kan tí wọ́n kọ́ fún àwọn arúgbó, yàrá ní ìdojúkọ yàrá, ògiri kan láàárín ẹni méjì. Ó jìnnà díẹ̀. Ọmọ ń pè é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ìgbà tó yá ni bọ́tìnì dé. Onílé fúnra rẹ̀ ló lọ kàn án mọ́ ògiri, tó fi ìka bàbá rẹ̀ lé e, tó ní, "Ẹ ṣáà ti tẹ ibí yìí, mo ti gbọ́ yín nìyẹn." Ní oṣù àkọ́kọ́, ó ń wo iná, ó sì ń pè. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé kí ni òun tún fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí iná rẹ̀ ti dáhùn láti àárọ̀. Pípè di ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó tún di ìgbà tí àyè bá yọ. Ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, bàbá ń ròyìn Ìyá Aránṣọ tó wà lẹ́yìn ògiri fún un. Ó ní, "Àwọn tó mọ ògiri yìí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, bébà ni. Bí Ìyá Aránṣọ bá sín, èmi ni mò ń kí i pé pẹ̀lẹ́. A kì í ríra, ẹsẹ̀ ń dùn ún, èmi náà ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìtàkùrọ̀sọ wa kì í tán." Onílé ń rẹ́rìn-ín lọ, ni fóònù kejì dún láti òkè. Ó ní òun á tún pè padà. Ẹ̀yin náà mọ irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn bàbá rẹ̀ o. Ẹ má ṣe é ní ìkà. Láràárọ̀, bó bá ti gbé báàgì sílẹ̀, iná bàbá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá lójú kọ̀ǹpútà, á sì sọ ọ́ síta, láìtijú, nínú yàrá tí kò sí ẹnìkankan: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló wà tó jẹ́ pé gbólóhùn yẹn nìkan ni yóò sọ tí kì í ṣe ti iṣẹ́. Ó gbà pé òun ń kí bàbá òun lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣáájú wa ti sọ ọ́ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, wọn ò sọ pé iná lọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí àkókò ọjà wọlé, Ọ̀gá Títà kò jẹ́ kí fóònù ìsàlẹ̀ sinmi mọ́.

"Onílé! Yàrá wa ti há! Àwọn oníbàárà ń tẹ̀ ẹ́, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn!"

"Mo ti gbọ́ yín, ọ̀gá."

"O ti gbọ́, o ti gbọ́! Ṣé gbígbọ́ la ó máa jẹ ni? Wá àyè fún wa!"

Onílé wo yíká ilé rẹ̀. Ó wo ẹni tó ń tòògbé. Àyè tí Mo-Jí ń lò kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ní ìpín kan tí Onílé ti yà sọ́tọ̀ fún un, tí ó ti pàṣẹ fún Olùpín pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án bó ti wù kó rí. Nítorí bàbá rẹ̀ ló ṣe yà á sọ́tọ̀. Ó wò ó títí. Ó ní ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni, pé bí ọjà bá ti rọlẹ̀ òun á dá a padà. Ó mú àṣẹ náà kúrò. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Olùpín ti àpótí òfìfo wọlé, ó sì fẹ́ ẹ títí àpótí fi kan àjà.

Ọ̀gá Títà pè kí ọjọ́ tó rọ̀. "Ó ti ń fò bí ẹyẹ! O ṣeun, Onílé, Ọlọ́run á bá ọ kọ́ ilé gidi." Ọpẹ́ kì í sábà sọ̀kalẹ̀ dé yàrá ìsàlẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn nínú débi pé nígbà tó délé, ó tún un sọ fún ara rẹ̀ bó ṣe ń fọ ife kan ṣoṣo tó ní.

Mo-Jí kò kú. Ì bá kúkú kú, wọn ì bá mọ̀. Ó sùn, ó sì lajú sílẹ̀. Kò sí àyè tó lè fi gba ìkíni tuntun tàbí kó fi pa iná àná, nítorí náà àwòrán tó gbé síta kẹ́yìn ló dúró síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Onílé ti fi aṣọ́nà kan sí i tó ń bi ayálégbé kọ̀ọ̀kan léèrè pé, "Ṣé o wà?" Mo-Jí ń dáhùn pé, "Mo wà." Aṣọ́nà kì í béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùpè rí i pé iná kankan ò pupa, wọ́n ní àwọn arúgbó ọ̀sẹ̀ yìí mà ń ṣe dáadáa o, wọ́n sì ń tètè lọ sílé. Láràárọ̀ ni Onílé ń gbé báàgì sílẹ̀, tó ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ń jẹ búrẹ́dì níwájú kọ̀ǹpútà, tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí àkókò kékeré tó máa ń wà lábẹ́ iná kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń fi ìgbà tí arúgbó tẹ bọ́tìnì hàn. Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá òun ti di aago báyìí: ìṣẹ́jú tó jí lánàá náà ló tún jí lónìí. Ó bu búrẹ́dì kan sí i. Kò gbé e mì. Bàbá tó máa ń sùn títí oòrùn á fi wọlé bí òjò bá rọ̀ lóru, tó sì máa ń jí ṣáájú àkùkọ bí eegun bá ń dùn ún, báwo ni yóò ṣe jí ní ìṣẹ́jú kan náà lọ́jọ́ méjì? Ó wo ti ẹlòmíràn. Ó wo ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀.

Ó já àyè gbà lọ́wọ́ Ọ́fíìsì Títà láìbéèrè, ó dá ìpín Mo-Jí padà fún un, ó sì jókòó tì í. Mo-Jí jí. Gbogbo ìkíni tó ti tò sẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ yìí wá rọ́ wọlé, iná ń kú, iná ń tàn, àkókò tuntun ń bọ́ sábẹ́ wọn. Ó ń wo ti bàbá rẹ̀. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó di pupa, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Àkókò tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti òní, kì í ṣe ti àná. Iná pupa mìíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Onílé kò dúró níbẹ̀.

Ó pe fóònù bàbá rẹ̀. Ó dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó tún un pè. Àwọn olùpè ti lọ sílé. Fóònù òkè ti ń dún, ó mọ̀ pé Ọ̀gá Títà ni, kò gbé e. Ó gbàgbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì, ó sáré jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn jókòó èjìká sí èjìká, oníkálukú dojú kọ fóònù tirẹ̀. Ẹkún ń gbọ̀n Onílé, kò sì sẹ́ni tó wo ẹ̀gbẹ́. Ó ń bẹ Ọlọ́run, ó ń ṣèlérí fún un, gbogbo ìlérí tó ju ilé rẹ̀ lọ. Ó ní bí òun bá lè bá bàbá òun láàyè, òun á máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, rárá, òun á kó wá síbẹ̀. Ó ń rí ibùsùn yẹn lójú ara rẹ̀, àti bọ́tìnì tí òun fọwọ́ ara òun kàn mọ́ ògiri. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró, kò dúró dè é kó dúró tán.

Ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀ ò tì. Ó tì í, ó ṣí.

Bàbá náà jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ òde, ó dé fìlà, ó wọ bàtà, ó so okùn bàtà náà dáadáa. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

"O pẹ́ o," ó ní. "Ṣùgbọ́n o wá."

Onílé jókòó sórí ilẹ̀ níbi tó dúró sí. "Bàbá, kí ló ṣe yín? Mo pè títí."

"Fóònù wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Èmi ni mo fi síbẹ̀. Kò sóhun tó ṣe mí."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò tẹ̀ ẹ́?"

"Mo ṣíwọ́ ni." Bàbá yí padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri. "Ìyá Aránṣọ! Ìyá Aránṣọ, ó ti dé o! Mo sọ fún yín, àbí n ò sọ?"

Ohùn obìnrin kan dáhùn lẹ́yìn ògiri, ohùn tó ti gbó. "Mo gbọ́, Baba Bíríkìlà. Ẹ kú oríire. Ẹ bá mi kí i káàbọ̀."

"Àríyànjiyàn la jọ ń ṣe," bàbá wí fún ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. "Ìyá Aránṣọ ní ẹ̀rọ lásán ló ń wò wá, pé bí a bá ṣíwọ́ títẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní ẹ yéé sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi ló wà nídìí ẹ̀rọ yẹn. Mo ní bí n kò bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, á ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo bá múra, mo jókòó síbí. Nígbà tí o ò dé, mo sọ fún un pé iṣẹ́ ló dá ọ dúró. Lọ́jọ́ kejì, mo ní bóyá ọkọ̀ ni. Lánàá, n ò rí nǹkan sọ fún un mọ́, mo ṣe bí ẹni tó ń sùn." Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ìgbà wo lo rí i?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Onílé, ó ti jinná, kó ṣáà bù ú sílẹ̀ ló kù. Ọjọ́ kìíní ni mo rí i, Bàbá, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n wá. Bàbá náà ì bá gbà á, inú rẹ̀ ì bá sì dùn. Ṣùgbọ́n Onílé wo okùn bàtà yẹn bí wọ́n ṣe so ó, kò lè sọ ọ́.

"Òní ni, Bàbá."

"Òní?"

"Ẹ̀rọ náà ti ń sùn láti ọjọ́ yìí. Iná yín ò pupa. Láràárọ̀ ló ń sọ fún mi pé ẹ ti jí, mo sì ń kí yín."

"O ń kí mi." Bàbá ronú sí i díẹ̀. "Kí ló mú ẹ̀rọ sùn?"

"Èmi ni. Ẹlòmíràn ń pariwo pé àyè òun kò tó, mo bá gba ti ẹ̀rọ yín fún un. Ẹ̀rọ yín kì í pariwo."

Bàbá kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn. Ó ṣí fìlà kúrò lórí, ó gbé e lé orúnkún, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ.

"Èmi náà kì í pariwo," ó ní.

Onílé gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó fi orí lé e. Ohùn kékeré ni wọ́n ti fi ń sọ̀rọ̀, ẹni ẹ̀yìn ògiri kò lè gbọ́ ọ. Ìgbà náà ni ẹnìkan rọra kan ògiri.

"Baba Bíríkìlà, ẹ bá mi bi í léèrè o. Lọ́jọ́ tí ẹ ṣíwọ́ ni èmi náà ti ṣíwọ́. N ò sọ ọ́ ni, kí ẹ má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ó rí tèmi náà níbẹ̀?"

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Onílé rántí iná pupa tó wà nísàlẹ̀ ti bàbá rẹ̀. Ó rí i. Ó rí i níbi iṣẹ́, ó sì sáré jáde láìwo orúkọ ẹni tó ni ín.

Ó dìde. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn kejì.

"Ẹ tì í, á ṣí," ohùn náà wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ṣíwọ́ ni mi ò ti fi kọ́kọ́rọ́ sí i."

Ó tì í, ó ṣí. Ìyá Aránṣọ jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ó wọ aṣọ òde, báàgì rẹ̀ wà lórí itan, ó sì wọ bàtà. Ó rẹ́rìn-ín sí Onílé, ó kí i dáadáa, lẹ́yìn náà ló na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.